Abẹ́rẹ́ Tí Kò Ní Oògùn Nínú: Ṣé Ó Lè Mú Ìrora Rọ̀?

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó tín-ín-rín ju èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún wa lọ, tí a fi ń tọ́jú ìrora iṣan. Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò.

Ìrora ọrùn, èjìká àti ẹ̀yìn kì í ṣe àjèjì ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Àwọn tí wọ́n kó wọ ilé tí ìjọba kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 ti dàgbà, síbẹ̀ wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Awakọ̀ ń jókòó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Máìlì Tú, télọ̀ ń tẹ̀ ba lé ẹ̀rọ, ìyá ọlọ́jà ń ru ẹrù. Bí ìrora bá dé, ọ̀pọ̀ a sáré lọ sí ilé kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n oògùn apàrora tí a ń lò lójoojúmọ́ láìsí ìmọ̀ràn dókítà lè dá egbò sí inú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Kí ni abẹ́rẹ́ yìí?

Bí iṣan bá ṣiṣẹ́ jù, tàbí tí a bá jókòó sójú kan pẹ́ jù, ibì kan nínú rẹ̀ lè le bíi kókó. Ìrora kókó èjìká lè ta dé orí. Fisiotẹ́rápíìsì yóò fi ọwọ́ wá kókó náà, yóò sì ti abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀. Iṣan náà lè ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó dẹ̀. Nítorí pé kò sí oògùn nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní dry needling, èyíinì ni abẹ́rẹ́ gbígbẹ.

Dókítà Janet Travell, tí ó tọ́jú Ààrẹ John Kennedy ti Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ kókó inú iṣan di mímọ̀. Oògùn ni òun máa ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú kókó náà. Ní ọdún 1979, Dókítà Karel Lewit ti ilẹ̀ Czechoslovakia ìgbà náà gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 241. Ó ní gígún gan-an ń mú ìrora rọ̀, kì í ṣe oògùn nìkan.

Ṣé gbẹ́rẹ́ kọ́?

Ìbéèrè yìí lè da ọkàn onígbàgbọ́ láàmú. Ẹni tí ó sín gbẹ́rẹ́ fi abẹ ya ara, ó sì fi oògùn ra á. Èyí kò ní oògùn, kò ní ọfọ̀. Ó tún yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ṣáínà, bí abẹ́rẹ́ wọn tilẹ̀ jọra. Àwọn ń tẹ̀lé ọ̀nà agbára tí àwọn baba ńlá wọn ní ó wà nínú ara. Fisiotẹ́rápíìsì ń tẹ̀lé ibi tí iṣan ti le.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòtán. Ìrọ̀rùn rẹ̀ kì í sábà pẹ́ bí a kò bá fi ìdárayá tì í lẹ́yìn. Ó bá wa tú ìdè ni. Àwa ni a óò rìn. Bí a bá padà sí ìjókòó àná, kókó àná yóò padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gún yín

Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀, ni ó ń forúkọ àwọn fisiotẹ́rápíìsì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ bèèrè bóyá ó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ní pàtó. Kí ó tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kí ó sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà, nítorí àlòkù lè gbé HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ wọ ara. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ara lè máa ro ẹni fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ó wọlé jù ní àyà tàbí èjìká lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Bí mímí bá di ìṣòro, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Bí ẹ̀yìn ríro bá bá ibà rìn, tí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí tí ìtọ̀ ń dá jáde, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín níbẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ má fi ìrora pamọ́, ẹ má sì fi ara yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìbèèrè.