Tòkunbọ̀: Orúkọ Ọmọ, Orúkọ Ọjà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn baba wa a máa wí pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlúpéjú, a pe orúkọ ọmọ kan, Tòkunbọ̀, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín: wọ́n ní ọkọ̀ àlòkù ni. Ọmọ náà dorí kodò. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe mú kálámù.

Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ hàn nínú orúkọ náà: ẹni tí ó ti òkun bọ̀. Bí a ti ń pe ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ní Abíọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe èyí tí a bí sí òkè òkun, tí a sì mú bọ̀ wálé, ní Tòkunbọ̀. Orúkọ ọlọ́lá ni. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá ni Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1958 títí di 1972. Ní ìlú Áténì, ilẹ̀ Gíríìkì, ni a sì bí Giannis, ọ̀gbóǹtarìgì nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ní 1994. Nítorí pé àwọn ará Gíríìkì ń fi lẹ́tà méjì kọ ìró «d» àti «b», Adétòkunbọ̀ tirẹ̀ di Antetokounmpo.

Ìtumọ̀ kejì kò tíì pẹ́. Lẹ́yìn 1986, tí iye náírà já wálẹ̀ gidigidi, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó ọkọ̀ titun mọ́. Àwọn oníṣòwò ń kó àlòkù wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nítorí pé òkun ni wọ́n gbà wá, a fi orúkọ ọmọ pè wọ́n. Láti ara ọkọ̀ ó ran fíríìjì, ó sì ran àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó kún ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, nítòsí Ìlúpéjú. Ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ìgboro wa, títí ìwé atúmọ̀-èdè Oxford fi gbà á wọlé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ kì í fi tòkunbọ̀ bú u. Ó fi ń yìn ín ni. Ohun tí ó ń wí ni pé ọkọ̀ náà kò tíì jẹ ìyà kòtò ọ̀nà wa, nítorí náà ni owó rẹ̀ fi ju ti èyí tí a ti lò nílé lọ. Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín kò mọ orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ ọjà.

Nígbà tí a ṣí ọ̀rọ̀ náà fún kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín dá. Abíọ́nà kan na ọwọ́ sókè, ó ní òun fẹ́ mọ ojú ọ̀nà tí a bí òun sí. Tòkunbọ̀ ni ó kọ́kọ́ yíjú sí i láti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, pàṣán lè pa ẹ̀rín lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni ó ń mú un kúrò lọ́kàn rẹ̀.