Prince Rivers: Ẹrú, Sájẹ́ǹtì, Adájọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a jìyà fún pàápàá a máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni bí òfin kò bá ṣọ́ ọ.

Ní oko ẹrú South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni a bí Prince Rivers. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni ó ń wà fún olówó rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó gun ẹṣin olówó náà sá tọ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1863, ọjọ́ ìkéde òmìnira, wọ́n fa àsíá ogun lé e lọ́wọ́.

Ogun parí. Rivers bá wọn ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní 1868. Ó di aṣòfin, ó sì di adájọ́ ní ìlú Hamburg.

Ní oṣù Júláì 1876, àwọn aláwọ̀ funfun dìhámọ́ra wọ Hamburg. Wọ́n pa àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Rivers kò fi ìbọn gbẹ̀san. Ó ṣe ìwádìí, ó sì kọ ìwé àṣẹ láti mú àwọn tí ó lé ní ọgọ́rin. A kò dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́bi. Ní 1877, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Adájọ́ àná tún padà sídìí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, títí ó fi kú ní 1887.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ rántí pé ipò kì í ṣe odi. Òfin tí ó mú ọ̀rẹ́, tí ó sì mú ọ̀tá, òun ni odi ìlú.