Láàrin àpáta Ìdáàṣà: àwọn tó ń wá ìsinmi ọkàn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Kútọnu lọ sí Parakou yóò rin nǹkan bíi 200 kìlómítà kó tó dé Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Dassa-Zoumè nínú ìwé ìjọba Benin. Òkè ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Ìlú olókè 41 ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kò tíì pàdé ẹni tó jókòó kà wọ́n tán.

Àwọn òkè yìí ti gba ẹ̀mí là rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lẹ́rú, àárín àpáta wọ̀nyí ni àwọn ará Ìdáàṣà, tí èdè wọn àti Yorùbá jọ jẹ́ ọmọ ìyá, sá pamọ́ sí. Ogun tó ń lé èèyàn lọ síbẹ̀ lóde òní kò gbé ìbọn dání: gbèsè, ọ̀fọ̀, àìrọ́mọbí, àìrí oorun sùn, ọkàn tí kò balẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń lọ ni ihò àpáta Màríà Wúndíá ti Arigbo. Ọdún 1954 ni ìrìn àjò mímọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún tí Póòpù Pius Kejìlá yà sọ́tọ̀ fún Màríà nínú Ìjọ Àgùdà káàkiri ayé. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, nítòsí ayẹyẹ Ìgbàsókè Màríà tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 15, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń rọ́ wọ ìlú náà láti gbogbo Benin, láti Tógò àti Nàìjíríà pẹ̀lú. Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á ka rósárì.

Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí àwa rò. Ẹni tó ti ń dá ru ẹrù rẹ̀ nílé, tó ń rẹ́rìn-ín lójú ará àdúgbò, á dé ibẹ̀, á rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó kúnlẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó lè sunkún láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló dé. Ó tún gbà pé Ẹnì kan wà tí ohun tó wúwo fún òun kò wúwo fún. Ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí a kò lè fò dá. Bí onítọ̀hún bá ń lo oògùn fún àrùn ọpọlọ ńkọ́? Ṣé kó dà á nù nítorí pé ó ti gbàdúrà? Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn, wọ́n á sì fi orúkọ Ọlọ́run tì í lẹ́yìn. Ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn lè já sí kò dára. Lọ́dún 2020, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tó ní àrùn ọpọlọ ní nǹkan bíi 60 orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà wà níbẹ̀, ilé àdúrà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ìwà yìí kò tilẹ̀ bá Bíbélì mu. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí ikú mú òun lọ. Áńgẹ́lì tó tọ̀ ọ́ wá kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Oúnjẹ àti omi ló gbé kalẹ̀, Èlíjà jẹ, ó mu, ó sì padà sùn.

Ọmọ Benin kan ló fi ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà. Grégoire Ahongbonon lọ sí Côte d'Ivoire ní 1971, ó ń lẹ táyà, ó rówó ṣe, ó ra takisí. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ wọmi. Ó ronú àtipa ara rẹ̀. Fádà kan ló mú un dání nígbà ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982, ó sì padà rí ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú Ọlọ́run.

Ẹni tó rí ìsinmi kò wá jókòó o! Nígbà tó padà sí Bouaké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó wá kan àwọn tí aráyé ń pè ní wèrè, tí wọ́n ń ṣa oúnjẹ jẹ lórí ààtàn. Ó ń wọ abúlé, ó ń tú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ kò mú ọ̀kan sílẹ̀ nínú àdúrà àti oògùn: wọ́n á wẹ aláìsàn, wọ́n á gé irun rẹ̀, wọ́n á fún un lóúnjẹ àti oògùn ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ìròyìn Daily Trust ní Nàìjíríà fi oyè ọmọ Áfíríkà tó ta yọ jù lọ ní 2015 dá a lọ́lá.

Ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́, àti láwọn ìlú mìíràn ní Benin. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn, títí kan àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn, ló ti jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí.