Ìpín-sí-Ìdajì: Bí Ara Ṣe Ń Pèsè Sẹ́ẹ̀lì Ìbímọ

Nígbà tí ọkọ àti aya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS bá gbọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé kí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn kan a máa rò pé bí àkọ́bí bá ti ní in, ọmọ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé inú bí ara ṣe ń pèsè sẹ́ẹ̀lì ìbímọ ni ìdí rẹ̀ wà.

Krómósómù 46 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn. Àwọn ni ó ru àbùdá tí a jogún. Tjio àti Levan ni ó fi ìdí iye yìí múlẹ̀ ní 1956. Méjì-méjì ni wọ́n: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkejì tirẹ̀. Bí àtọ̀ bá gbé 46 wá, tí ẹyin náà sì gbé 46 wá, ọmọ yóò ní 92, ọmọ-ọmọ yóò sì ní 184. Nítorí náà, ìdajì ni sẹ́ẹ̀lì ìbímọ gbọ́dọ̀ gbà. Ní 1883, van Beneden, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi èyí hàn nínú aràn tí ń gbé inú ìfun ẹṣin. Àwọn onímọ̀ ń pe ìlànà náà ní meiosis. Èmi yóò pè é ní ìpín-sí-ìdajì.

Sẹ́ẹ̀lì ń pín lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni krómósómù ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, kí ìpín kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, krómósómù kọ̀ọ̀kan yóò sún mọ́ ìkejì rẹ̀, wọn yóò sì ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan ara wọn. Ní ìpín kìíní, àwọn méjèèjì yóò pínyà. Ní ìpín kejì, krómósómù àti ẹ̀dà rẹ̀ yóò pínyà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni yóò jáde, 23 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkùnrin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń di àtọ̀. Nínú obìnrin, ọ̀kan péré ni ó ń di ẹyin. Àwọn ìyókù a rọ dànù. Kí a tó bí obìnrin ni ìpín tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yóò sì dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi bàlágà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí AS. Krómósómù kọkànlá ni ó ru àbùdá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ru A, ìkejì ru S. Nígbà tí wọ́n bá pínyà, sẹ́ẹ̀lì méjì nínú mẹ́rin yóò gba A, méjì yóò gba S. Kí ọmọ tó lè jẹ́ SS, S gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kí ó sì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá: ìdajì ìdajì, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n àtọ̀ àti ẹyin tí ó di àkọ́bí kọ́ ni yóò di àbúrò rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ju kọ́bọ̀ sókè lónìí, bí ó ṣe balẹ̀ kò pàṣẹ fún ti ọ̀la. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí a di ẹ̀bi ru ìyá nìkan, tí ó sì fi yẹ kí àfẹ́sọ́nà mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.