Bí A Ṣe Lè Kápá Èèrà Iná Nínú Àgbàlá Wa

Àwa ọmọ Yorùbá mọ tanpẹ́pẹ́ àti ìjàlọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó ń gbé ní Houston àti Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, máa ń bá èèrà pupa mìíràn pàdé nínú koríko àgbàlá wọn. Èèrà iná ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ibi tó bá ta máa ń jóni bí iná. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ó gba èbúté Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama wọlé, tó sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀.

Ewu Wo Ló Wà Níbẹ̀?

Bí ọmọdé bá ṣèèṣì tẹ òkìtì rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèrà yóò gun ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè ta á léraléra. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìléròrò funfun yóò ti yọ síbẹ̀. Kí a má ṣe tú u, kí kòkòrò àrùn má bàa wọ̀ ọ́. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba oró náà rárá. Bí ojú tàbí ọ̀fun ẹnì kan bá ń wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí a pe 911 láìjáfara.

Kí Nìdí Tó Fi Máa Ń Padà Wá?

Èèrà tó wà nínú òkìtì ńlá kan lè ju 200,000 lọ, ìyá wọn sì lè yé ju ẹyin 1,000 lọ lóòjọ́. Bí a bá pa àwọn tó wà lókè, tí ìyá wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọn yóò tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí títú òkìtì náà ká kò fi tó. Omi híhó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó lè bó ẹni tó ń dà á lára, ó sì máa ń pa koríko. Ní ti bẹntiróòlù, kí a má tilẹ̀ dán an wò: ó lè gbiná, ó sì ń ba ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ Méjì

Èkíní, kí a fọ́n oògùn ìdẹ yí àgbàlá ká ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé. Èérún àgbàdo tí a fi òróró sóyà àti oògùn pò ni ó sábà máa ń jẹ́. Àwọn èèrà fúnra wọn ni yóò gbé e wọlé, tí wọn yóò sì fi bọ́ ìyá wọn. Láti mọ àkókò tó dára, kí a fi ọ̀dùnkún díndín díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì. Bí èèrà bá bò ó láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń wá oúnjẹ nìyẹn. Kí ilẹ̀ gbẹ, kí òjò má sì ṣú. Nígbà ooru, ìrọ̀lẹ́ ló dára jù.

Èkejì, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí a lo oògùn òkìtì fún kìkì àwọn tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Kí a má ṣe ru òkìtì náà sókè kí a tó lò ó, kí wọ́n má bàa gbé ìyá wọn sá lọ. Kí a tẹ̀ lé ìlànà tó wà lára ike oògùn náà, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

Oògùn ìdẹ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tán, nítorí náà ó gba sùúrù. Bí aládùúgbò bá sì lè ṣe é pọ̀, yóò pẹ́ kí èèrà náà tó padà wá.