Adójútòfò Ọkọ̀ fún Awakọ̀ tí Ilé-Ẹjọ́ ti Dá Lẹ́bi Ọtí

Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gba Mowo kọjá, ó sì ń bá a lọ títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá mutí yó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ṣeré. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ sọdá náà ń bẹ nínú ewu. Bí ilé-ẹjọ́ bá dá awakọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, tí ó jìyà rẹ̀ tán, tí ó sì fẹ́ padà sí ìdí ọkọ̀, ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè gbà á? Èló ni yóò san?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ẹni tí adójútòfò wà fún. Orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí ń dójú ti òfò ni. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti ẹni kẹta. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹni kejì, ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe, tàbí tí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ni ẹni kẹta. Èkejì ni alákòópọ̀, tí ó ń dáàbò bo ọkọ̀ onítọ̀hún pẹ̀lú. Ti ẹni kẹta ni òfin sọ di dandan. Òfin ọdún 1945 ni ó kọ́kọ́ là á sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ti ọdún 2003 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, òfin tuntun ti ọdún 2025 kò sì mú un kúrò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwà awakọ̀ wà lára ohun tí ń pinnu owó. Ẹni tí a bá dá lẹ́bi ọtí kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán. Àkọsílẹ̀ ẹ̀bi náà yóò sì wà lára ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọdún 11. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá bi í nípa rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ. Òmíràn yóò kọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá gbà á yóò gba owó gọbọi.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. NAICOM, àjọ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ni ó fi iye lélẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2023, owó ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000. Iye tí ilé-iṣẹ́ lè san fún dúkìá tí ó bà jẹ́ sì di ₦3,000,000. Irú ọkọ̀ ni a fi ń ka owó yìí, kì í ṣe ìwà awakọ̀. Iye kan náà ni a là sílẹ̀ fún ọ̀mùtí àti fún ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí.

Ṣé ẹ̀bi náà kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Rárá o. Ní ti alákòópọ̀, NAICOM ní owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni ó sì sọ pé òfò tí ó bá ti inú ọtí wá kò kan ilé-iṣẹ́.

Inú fọ́ọ̀mù ni ewu tí ó tóbi jù wà. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń béèrè bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá awakọ̀ lẹ́bi rí. Láti ìgbà tí adájọ́ Lord Mansfield ti dá ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1766 ni a ti mọ̀ pé òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ àdéhùn adójútòfò. Ẹni tí ó bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù fún ilé-iṣẹ́ ní àyè láti fagi lé àdéhùn ní ọjọ́ tí òfò dé gan-an. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, kí ẹni tí a ti dá lẹ́bi sọ òtítọ́, kí ó wádìí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan, kí ó sì rí i pé ìwé rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Bí ó bá fẹ́ wakọ̀ kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnù, kí ó gba Brown Card tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1982. Bí ìwé kò bá dúró, ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Mowo ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀: yóò máa wá owó ìtọ́jú lọ́dọ̀ awakọ̀ tí ó lè má ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.