Kọ̀ǹpútà tuntun tàbí tòkunbọ̀: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Bí ọmọ bá ti gba ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì tàbí polí báyìí, ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin bàbá àti ìyá ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní lápútọ́ọ̀pù. Ìyá yóò ní tuntun ni kí wọ́n rà fún ọmọ, kí ojú má baà máa tì í láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá yóò ní tòkunbọ̀ ló dáa, pé ohun tí òyìnbó bá lò sílẹ̀ máa ń le ju tuntun tí wọ́n ń tà nígboro lọ. Àríyànjiyàn yìí náà ló máa ń wáyé bí àwọn ọmọ tó ti dàgbà bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún òbí wọn tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun.

Owó kékeré kọ́ là ń sọ yìí. Àwọn mìíràn á yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn mìíràn á dúró de ìgbà tí àjọ bá kàn wọ́n, àwọn mìíràn á mú lára owó ìfẹ̀yìntì wọn. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí ohun tí kò ní wúlò ju ọdún kan lọ, ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni.

Òótọ́ wà lẹ́nu bàbá, òótọ́ sì wà lẹ́nu ìyá. Ohun tí àwọn méjèèjì kò sọ ni pé kì í ṣe iye ọdún tí kọ̀ǹpútà ti lò láyé ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè, bí kò ṣe iye ọdún tó ṣẹ́ kù fún un.

KÒ RÍ BÍI TI MỌ́TÒ

Bí mọ́tò bá gbó, mẹkáníìkì lè máa tún un ṣe títí di ogún ọdún. Ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń darí gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í yéé wá ibi tó lanu lára ètò yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é náà kì í sì yéé dí i. Iṣẹ́ dídí yìí ni wọ́n ń pè ní update. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá ní àwọn ò dí i mọ́, kọ̀ǹpútà náà yóò ṣì máa tàn, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ihò tuntun tí àwọn olè bá rí lára rẹ̀ yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí dúró lórí Windows 10, tó ti wà nígboro láti ọdún 2015. Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021, ló gba ipò rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn tó ń lo ọpọlọ Intel, bí a bá yọ díẹ̀ kúrò, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí, ọdún 2017 ni ìran kẹjọ yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú àsìkò náà, bó ti wù kó mọ́ tónítóní tó, kò lè bọ́ sórí Windows 11 lọ́nà tó tọ́. Àwọn oníṣòwò kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti fi tipátipá gbé e sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dà bíi ti tuntun. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò máa rí update gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wo àkáǹtì yín ní báńkì, tí ẹ ń fi í san owó ilé ìwé ọmọ, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o.

"i5" NÌKAN KÒ TÓ

Bí ẹ bá dé Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà ni pé "i5 ni, i7 ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn ní ọmọ agboolé báyìí lòun, tí kò sọ ẹni tó bí òun. Láti ọdún 2009 ni i5 ti wà lọ́jà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìran tó jẹ́. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U, ìran kẹfà ni. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 sì jẹ́ ìran kọkànlá. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi i7 àtijọ́ dẹ́rù bà yín. i5 ìran kẹjọ lè yára ju i7 ìran kẹrin lọ dáadáa.

Bí nọ́ńbà yìí kò bá yé yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó padà wá sanwó. Ọlọ́jà tó bá ní kí ẹ má kọ ọ́, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

TUNTUN MÌÍRÀN Ò TÓ TÒKUNBỌ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan wà tí owó wọn kò pọ̀, tí wọ́n fi páálí dáadáa dì. Inú wọn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ Celeron sí i lára, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, àyè ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì jẹ́ 64GB. RAM yìí ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bíi tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé. 4GB àti 64GB yìí gan-an ni ìwọ̀n tó kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Tó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tábìlì ti kún. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti jó RAM mọ́ inú rẹ̀, kò ṣe é pààrọ̀.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, irú bíi ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell tàbí EliteBook ti HP. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun máa ń pààrọ̀ irú kọ̀ǹpútà yìí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yálà ó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá. Ara wọn le, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wọn dáa lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe é tú láti fi RAM kún un. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Irú tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tó ní RAM 8GB àti SSD 256GB, yóò fi ọwọ́ rọ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú yẹn sẹ́yìn.

Ẹ rántí SSD yẹn dáadáa. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń lo hard disk tó ní àwo tó ń yí nínú. Bó bá já bọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àwo náà lè ha, kí gbogbo iṣẹ́ ọmọ sì ṣòfò. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ó sì yára jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ̀

Iye owó nìkan kọ́ là ń wò, iye tí ọdún kan ń jẹ ni. Ká fi í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ká ní tòkunbọ̀ ìran kẹfà kan jẹ́ ₦300,000, ẹ ó sì tún fi ₦40,000 ra bátìrì sí i. Bí ẹ bá lò ó fún ọdún méjì péré kó tó sú yín, ₦170,000 ni ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ. Ká ní èkejì jẹ́ ìran kẹwàá, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦450,000, tó sì bá ọmọ ka ìwé ọdún márùn-ún. ₦90,000 ni ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló pọ́ọ́kú yẹn. Iye tí wọ́n bá pè fún yín lọ́jà ni kí ẹ fi ṣírò tiyín bẹ́ẹ̀.

BÁTÌRÌ: OHUN TÓ Ń DÁ ILÉ RÚ

Níbi tí iná kì í ti í dúró, bátìrì ni ìdajì kọ̀ǹpútà. Bátìrì tí wọ́n ń lò sí kọ̀ǹpútà máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ṣe ń fún un ní iná tó. Ọ̀nà kan wà láti mọ bó ṣe kù sí. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Ìwé kan yóò jáde. Ẹ wo iye tó wà níwájú Design Capacity, ìyẹn agbára rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, kí ẹ sì wo Full Charge Capacity, ìyẹn agbára tó kù. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì jẹ́ 30,000, ẹ mọ̀ pé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ẹ fi èyí ná an wálẹ̀, tàbí kí ẹ fi owó bátìrì tuntun kún ìṣirò yín.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ikùn kọ̀ǹpútà bá wú, tí kì í jókòó dọ́gba lórí tábìlì, tàbí tí ibi tí a fi ìka ń fà bá ru sókè, bátìrì inú rẹ̀ ló ti wú. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbaná. Ẹ má fi iná sí i, ẹ má gún un, ẹ má sì gbé e sún mọ́ ibùsùn ọmọ. Bó bá jẹ́ pé lọ́jà lẹ ti rí i, ẹ má rà á rárá.

OJÚ, ỌRÙN ÀTI ITAN

Fún ẹ̀yin àgbà wa, ojú kọ̀ǹpútà ṣe pàtàkì ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ojú èèyàn ti máa ń ṣòro láti rí lẹ́tà tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ yan èyí tó fẹ̀ tó ínǹṣì 14 tàbí 15.6, kí ẹ sì jókòó síwájú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, tàbí tí lẹ́tà bá ń parẹ́ bí ẹ bá yí orí díẹ̀, òmíràn ni kí ẹ wò. Ẹ gbé e dání náà. Àwọn tí wọ́n ti ṣe tipẹ́ máa ń wúwo, èyí kò sì bá ọwọ́ tó ń dunni mu.

Bí ẹ bá ń lò ó, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ojú kúrò, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi ìwé díẹ̀ gbé e ga, kí ọrùn má baà tẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ.

Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má máa gbé e lé itan tàbí orí tìmùtìmù. Fóòmù máa ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde, ooru tó bá sì ń bá itan lójoojúmọ́ lè sọ awọ ara di alámì dúdú tàbí pupa. Èyí tó bá ti pẹ́ láyé, tí eruku ti kún inú rẹ̀, ló máa ń gbóná jù. Tábìlì ni ibùjókòó rẹ̀.

KÍ OWÓ TÓ JÁDE LÁPÒ

Ẹ fi fóònù yín fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú ọlọ́jà. Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ti ti kọ̀ǹpútà wọn pa láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà yóò jáde, yóò sì máa béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹ kò ní. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ dán kámẹ́rà àti ohùn rẹ̀ wò, ẹ sì jẹ́ kó wà ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀sùn olè kàn yín lọ́la.

TA NI KÓ RA ÈWO?

Ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ yíya ilé tàbí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tó ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún níwájú, tuntun gidi tàbí tòkunbọ̀ ìran kẹwàá sókè ló yẹ ẹ́. Ọmọ tó fẹ́ máa tẹ ìwé, tó sì ń ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó ní SSD tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tàbí ìyá àgbà tó fẹ́ máa rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti ní ti àtijọ́ nílé, ẹ má tíì jù ú nù. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti ń wáyé lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí kò tẹ bọ́tìnnì rí yóò fi àsìkò ṣòfò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún lè bá yín gbé Linux sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣì ń rí update gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ báńkì, ẹ má fi èyí tó ṣì wà lórí Windows àtijọ́ ṣe é.

Bí ọlọ́jà bá wá ń yin ọjà rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó yìn ín tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ìran wo ni? Báwo ni bátìrì rẹ̀ ṣe kù sí? Ọdún mélòó ló kù tí yóò fi máa rí update? Bí kò bá rí ọ̀kan dáhùn nínú rẹ̀, ẹ di owó yín mú, kí ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.